Àgbo Gbígbóná tí Wọ́n Sè fún Òjìjí

Àwẹ̀ró ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta etí odò kí ó tó rí i pé omi ti fi òkúta náà sílẹ̀. Lánàá, omi ṣì ń kan ìdí òkúta. Lónìí, ìlà funfun kan ló kù níbi tí omi dé lánàá, ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ sì ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀.

"Òjìjí," ó pè. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?" ohùn kan dáhùn láti inú omi. "Máa rọra o. Òkúta yẹn gbóná."

Nígbà láéláé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹja òjìjí kò tíì máa gbé inú ẹrẹ̀, tí kòkòrò kankan kò sì ní iná lára. Òkè omi ni Òjìjí ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá bèbè, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ara rẹ̀ ló ń pèsè iná fún Etídò, ìlú àwọn ẹranko.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Ìtàkùn gígùn kan wà tí gbòǹgbò rẹ̀ wọ inú odò. Òjìjí á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbòǹgbò náà, á mí kanlẹ̀, agbára inú ara rẹ̀ á sì gba inú ìtàkùn lọ sí ìlú. Bí ó bá dé ìlú, àwọn àkèrègbè kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà á tàn yòò. Ewé kókò fífẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òrùlé á máa mì lọ, á máa mì bọ̀, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sára àwọn onílé.

Àwẹ̀ró ló ń ṣọ́ ìtàkùn náà. Kòkòrò dúdú ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ, kò sì lẹ́wà lójú ẹni tó bá ń kánjú. Láràárọ̀ ni yóò gbéra láti ìlú, yóò máa fò tẹ̀lé ìtàkùn, yóò máa wo ibi tó bó àti ibi tí ikán ti fẹnu kàn, títí yóò fi dé odò. Àwọn ará ìlú kì í pe orúkọ rẹ̀. "Olùṣọ́" ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n bá tilẹ̀ rántí pè é. Òjìjí nìkan ló mọ oríkì rẹ̀, òun nìkan ló sì ń pè é ní Àwẹ̀ró. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

Nítorí èyí, bí Àwẹ̀ró bá parí iṣẹ́, kì í tètè lọ. Á jókòó sórí òkúta, á máa sọ ohun tó rí lójú ọ̀nà fún Òjìjí. Kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n níbí yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Á sọ bí aláǹtakùn kan ṣe ta okùn mọ́ ìtàkùn, tí ìrì sì jókòó lórí okùn náà. Á sọ bí ọmọ ẹyẹ Awó ṣe ń lálàá lójú oorun, tó ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń sáré.

Òjìjí kò rí ìlú náà rí láyé rẹ̀. Iná tó ń ti ara rẹ̀ jáde, kò mọ bí ó ṣe ń rí, nítorí ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń tàn. Àwẹ̀ró ni ojú rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe wà lónìí?" Òjìjí máa ń béèrè.

"Wọ́n wà dáadáa. Ọmọ-ọmọ Ìyá Ọ̀yà rẹ́rìn-ín sí àkèrègbè ẹnu ọ̀nà wọn."

"Ó rẹ́rìn-ín sí i?"

"Ó rò pé òṣùpá ni."

Inú Òjìjí á dùn, ìfófòó á sì máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò kò dé lásìkò. Oṣù tó yẹ kó rọ̀ kọjá, èyí tó tẹ̀lé e náà kọjá. Ilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí alángbá ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tí á sọ ọ́ kalẹ̀, tí á tún gbé èkejì.

Inú ooru yìí ni gbogbo ìlú ti wá ń wá atẹ́gùn. Ilé tó ní ewé kókò kan tẹ́lẹ̀ so mẹ́ta kún un. Ẹfọ̀n, tó jẹ́ baálẹ̀ Etídò, so méjìlá sí ilé rẹ̀, ó ní ara òun tóbi. Ọ̀bọ so ọ̀kan sẹ́yìnkùlé fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà má baà tètè rà. Gbogbo rẹ̀, ara ìtàkùn kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n so ó mọ́.

Àwẹ̀ró rí ohun mìíràn. Ìtàkùn tó máa ń nà tantan láti igi dé igi ti ń rọ̀ wálẹ̀ lọ́sàn-án. Láàárọ̀, ó jìnnà sí koríko. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ara tu ilẹ̀ díẹ̀, á tún fà sókè. Ó wò ó fún ọjọ́ márùn-ún kó tó dá a lójú. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i.

Lọ́jọ́ tó bá òkúta ní gbígbẹ yìí, ó rí i pé Òjìjí náà ń gbọ̀n.

"O ń gbọ̀n," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Òjìjí sún mọ́ bèbè. Awọ rẹ̀ tó máa ń dán ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní àfọ̀jù. "Àwẹ̀ró, ki ẹsẹ̀ kan bọ omi."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì tètè fà á yọ. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

"Inú èyí ni mò ń gbé," Òjìjí wí. "Agbára mi kò tíì tán. Ooru ló ń jẹ ẹ́. Bí mo bá ń pèsè iná, ara tèmi náà máa ń gbóná, omi tútù ló sì máa ń gba ooru náà lára mi. Ní báyìí, omi kò tutù mọ́. Ooru ara mi kò rí ibi lọ. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́ iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Kí la máa ṣe?"

"Ibú kan wà láàárín odò. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Kí wọ́n yọ̀ǹda mi kí n máa lọ síbẹ̀ bí oòrùn bá kan àtàrí, kí n sì máa padà ní ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n sì dín ewé kókò kù títí òjò á fi rọ̀. Ohun méjì péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí mo bá kàn lọ láìsọ, wọ́n á ní mo sá. Mi ò fẹ́ sá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Ta ni mo tún mọ̀?"

Àwẹ̀ró wo omi, ó wo ìtàkùn. "Wọ́n ń ṣèpàdé lọ́la," ó wí. "Màá sọ fún wọn."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì."

Ní Etídò, ẹni tó tóbi jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípàdé, ẹni tó kéré jù ló sì ń kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe bá a láyé nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ìlú pé sábẹ́ igi ọdán lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró bà sórí ewé gbígbẹ kan lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú: ibú, ewé kókò. Ibú, ewé kókò.

"Iná ń ṣẹ́jú," Ẹfọ̀n wí. "Lánàá, ewé kókò mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹun tán. Kí ló ń ṣe ẹja yìí?"

Ọ̀bọ ló kàn. "Baálẹ̀, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni iṣẹ́ ń sú. Ẹ jẹ́ kó wá bá mi gun ọ̀pẹ fún ọjọ́ kan, kí n lọ bá a jókòó sínú omi. Ẹ ó rí i pé mi ò ní ráhùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ọ̀yà gbọ́wọ́ sókè. Òun ló mọ ewé àti koríko jù ní ìlú náà, kò sì sí ilé tí kò tíì tọ́jú aláìsàn nínú rẹ̀.

"Ẹ má bú u," Ìyá Ọ̀yà wí. "Mo gba etí odò kọjá lánàá, mo fojú ara mi rí i. Ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, òtútù ló mú un. Ẹni tó sì ń gbé inú omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé òtútù mú un? Ibà ni. Ẹ̀bi wa sì ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún wa látọdúnmọ́dún, kò sẹ́ni tó gbé ife àgbo kan fún un rí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀bọ fúnra rẹ̀ dorí kodò.

"Kí ló yẹ ká ṣe, Ìyá?" Ẹfọ̀n béèrè.

"Àgbo. Àgbo ìwẹ̀ o, kì í ṣe mímu. Dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, èèpo máńgòrò, koríko ọba. Kó hó dáadáa. Ká dà á sínú omi níbi tó ń gbé, ká wá fi ẹní bò ó lórí bí a ṣe ń fi aṣọ bo aláìsàn, kí èéfín rẹ̀ má baà jáde. Tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta làágùn, ibà náà á lọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Eku ní bẹ́ẹ̀ ni. Alángbá mi orí. Ó wá ku ẹyọ ẹnì kan.

"Olùṣọ́ ńkọ́?" Ẹfọ̀n wí. "Ṣé o ní ọ̀rọ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn. Àwẹ̀ró dìde.

"Baálẹ̀, ibà kọ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ooru ni."

"Kí ló wí?" ẹnì kan béèrè.

"Ó ní ooru ni," Ọ̀bọ dá a lóhùn. "Ó ní ooru ń mú ẹja nínú omi. Bóyá òǹgbẹ náà tún ń gbẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú lábẹ́ igi. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ooru ló ti mú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá Ọ̀yà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ṣeun," ó wí. "Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ti rí ẹni tí ooru mú tó ń gbọ̀n rí?"

Àwẹ̀ró ronú. Àfi Òjìjí. "Rárá, Ìyá," ó wí.

Ibú àti ewé kókò ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú tó ń wò ó. Ó rí eruku lórí ìwo Baálẹ̀. Ó rí i pé ilẹ̀ gbígbóná ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá Ọ̀yà di pupa, síbẹ̀ ó wá sípàdé. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló rí, ṣùgbọ́n kò rí ohùn tó máa fi sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì mì, ó sì jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ru ìkòkò àgbo lọ sétí odò. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀bọ ló ru èyí tó tóbi jù, nítorí ojú ń tì í pé ó pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Òógùn ń bọ́ lára gbogbo wọn bí òjò tí wọn kò rí.

"Òjìjí, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," Ìyá Ọ̀yà wí. "A ti gbọ́."

Òjìjí yọ orí sókè. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ ti gbọ́? Ẹ ṣé o, Ìyá. Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n máa lọ?"

"Lọ síbo? Dúró jẹ́ẹ́. Má mira."

Wọ́n da ìkòkò àkọ́kọ́ sí i.

"Ìyá, ó gbóná," Òjìjí wí.

"Oògùn ni. Bí kò bá gbóná, kì í ṣiṣẹ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbogbo aláìsàn ló ń bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá sàn tán, wọ́n á wá dúpẹ́. Ọ̀bọ, da tìrẹ sí i."

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i. Wọ́n tẹ́ ẹní lórí omi láti bèbè dé àárín koríko odò, wọ́n fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Òjìjí kò kúrò nídìí gbòǹgbò. Ó rò pé bóyá nǹkan kan wà tí wọ́n mọ̀ tí òun kò mọ̀. Ó rò pé bí wọ́n bá ṣe èyí tán, wọ́n á ní kí òun máa lọ.

Lọ́jọ́ náà, ewé kókò ìlú ń mì bí ẹni tó ń tòògbé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àkèrègbè pupa bí ẹyin iná tó fẹ́ kú.

"Ibà náà ló ń jáde," Ìyá Ọ̀yà wí. "Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Àwẹ̀ró ń wá lójoojúmọ́. Kò dé orí òkúta. Orí ìtàkùn lókèèrè ló ń bà sí, níbi tí Òjìjí kò ti lè rí i. Ó ń wo èéfín tó ń gba etí ẹní jáde, ó ń gbọ́ òórùn dóńgóyárò, kò sì lè sún mọ́ ọn, kò sì lè lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, àwọn ará ìlú lọ já ewé sí i. Kò sẹ́nì kankan létí odò. Àwẹ̀ró rí àlàfo kékeré kan láàárín ẹní méjì, ó fò gba ibẹ̀ wọlé. Abẹ́ ẹní ṣókùnkùn, ó sì gbóná bí inú ààrò.

"Àwẹ̀ró," Òjìjí wí. Kò tíì rí i. Ìró ìyẹ́ rẹ̀ ló mọ̀.

"Èmi ni."

"Ṣé o sọ fún wọn?"

Àwẹ̀ró di gbòǹgbò mú. "Mo sọ pé ooru ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ìyókù."

Àwẹ̀ró ń retí pé kí Òjìjí bú òun. Ì bá wù ú kó bú u.

"Mo mọ̀ pé o kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ," Òjìjí wí níkẹyìn. "Mo mọ̀, mo sì rán ọ."

"Màá lọ sọ ọ́ báyìí. Màá lọ dúró níwájú Baálẹ̀."

"Ó ti pẹ́ jù. Bí mo bá wà níbí di ìrọ̀lẹ́, màá kú."

"Ibú lò ń lọ?"

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀ pátápátá. Inú ẹrẹ̀."

"Ìgbà wo lo máa padà?"

"Ìsàlẹ̀ yẹn ṣókùnkùn," Òjìjí wí. "Bó o bá wá sétí odò, mi ò ní mọ̀ pé ìwọ ni. Sún mọ́ mi."

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. Òjìjí na irùngbọ̀n kan sókè, ó sì fi kan ìsàlẹ̀ ikùn Àwẹ̀ró. Agbára tó kù lára Òjìjí kò ju èyí tó lè mi ewé kókò kan lọ. Ó fara balẹ̀ yọ ooru kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni tó ń yọ egungun kúrò nínú ẹja fún ọmọdé, ó wá fún Àwẹ̀ró ní èyí tó kù.

Abẹ́ ẹní mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà tutù, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tuntun.

Òjìjí ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" ó béèrè.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," Àwẹ̀ró wí. "Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tìlú tóbi ju èyí lọ. Ẹnu ọ̀nà gbogbo."

"Ẹnu ọ̀nà gbogbo," Òjìjí wí.

Ó wá fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ó gba abẹ́ omi gbígbóná kọjá sí àárín odò, ó sì dorí kọ ìsàlẹ̀.

Ní Etídò, gbogbo ewé kókò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ìlú sáré wá sétí odò, wọ́n ká ẹní kúrò. Ẹfọ̀n ki ẹsẹ̀ bọ omi láti wá aláìsàn, ó sì fà á yọ kíákíá.

"Omi yìí gbóná," ó wí, bí ẹni tí kò gba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́. "Kódà níbi tí àgbo ò dé, ó gbóná."

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró bà sórí òkúta, tó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ibú, ó sọ ti ewé kókò, ó sọ ti ìtàkùn tó ń rọ̀ wálẹ̀ lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ kò tóbi ju ti ìpàdé lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ń wo iná tó wà lára rẹ̀.

Ìyá Ọ̀yà jókòó sórí ẹrẹ̀ gbígbẹ. "Ọwọ́ mi ni mo fi sè é," ó wí. "Mo tún tọ́ ọ wò pé ó gbóná tó."

Láti ọjọ́ kejì ni Ìyá Ọ̀yà ti ń lọ pọn omi orísun lábẹ́ àpáta, ọ̀nà jíjìn, tó ń wá dà á sódò kí oòrùn tó yọ. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ já ewé kókò méjìlá rẹ̀. Wọ́n pe Òjìjí títí ohùn wọn há. Kò gòkè wá.

Láti ọjọ́ náà ni ẹja òjìjí ti ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò. Bí ọwọ́ kan bá kàn án nínú omi, á gbọn ọwọ́ náà dànù, tí gbogbo apá ẹni náà á sì kú tipiri, nítorí ó rò pé wọ́n tún gbé àgbo dé ni.

Láti ọjọ́ náà ni iná kì í ti í bá ooru rẹ́. Ẹ̀rọ làwọn èèyàn fi ń pèsè iná báyìí, kì í ṣe ẹja. Síbẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, tí odò fà, tí omi tó ń tu ẹ̀rọ lára kò tutù mọ́, agbára ẹ̀rọ náà á máa rẹ̀ ẹ́, bí ó ṣe rẹ Òjìjí. Ìgbà náà gan-an sì ni gbogbo ilé ń wá fáànù. Bí ẹ bá wo wáyà tó wà lórí òpó lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà sì ni iná ti wà nídìí kòkòrò kékeré yẹn, iná tí kì í jóni lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé Etídò ló sọ ọ́ ní Tanná-tanná. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pè é bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ Àwẹ̀ró mọ́. Ìgbà òjò ló máa ń jáde, nígbà tí ooru bá ti lọ. Ẹ̀bá omi ni ẹ ó ti rí i. Á tan iná, á pa á, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì, á tún tàn án.

Ṣùgbọ́n ó ku ìrọ̀lẹ́ kan tí mi ò tíì sọ.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó dá, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, omi sì ń kán láti orí ewé bọ́ sórí ewé. Odò ti kún padà. Àwẹ̀ró bà sórí koríko kan tó tẹ̀ sórí omi, ó tan iná rẹ̀, ó pa á, ó tún tàn án.

Nígbà tó pẹ́, ohun dúdú kan gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé mọ́.

"Omi ti tutù," Àwẹ̀ró wí.

"Mo mọ̀," Òjìjí wí.

"Wọ́n ti já gbogbo ewé kókò. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní bí o bá padà, ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o máa lọ sinmi."

"Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ń bọ̀, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró kò lè purọ́ fún un. "Ó ń bọ̀," ó wí.

Omi ń kán. Koríko tó bà sí ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ò ní padà wá?" ó béèrè. "Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ fún ìlú. Kí o kàn máa gòkè wá, kí n máa sọ ohun tí mo rí fún ọ."

Òjìjí ń wò ó láti abẹ́ omi. Àwẹ̀ró fi gbogbo agbára rẹ̀ mú iná náà dúró, kò jẹ́ kó kú, títí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí kò lè mú un dúró mọ́, iná náà kú. Ó yára tún un tàn.

Òjìjí ti yí padà. Ìrù rẹ̀ ni Àwẹ̀ró rí, lẹ́yìn náà ó rí ìlà tí ìrù náà fà sínú omi, lẹ́yìn náà omi pa dé. Òjìjí lọ, kò sì gòkè wá mọ́.